Òǹkàwé Kan Ṣoṣo

"Ẹ tún un wò, Àǹtí mi. Bóyá ẹnì kan ti tún kà á," ni Shakirah wí, ó sì na ọrùn wo kọ̀ǹpútà tó wà níwájú àǹtí rẹ̀.

Àǹtí Latifah rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ kan ló ń tẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀hún sì dúró tì í bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. "Shakirah, ṣebí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó tán ni. Èmi ni mo kà á láàárọ̀, èmi náà ni mo tún kà á lọ́sàn-án. Ṣé kí n tún kà á nírọ̀lẹ́ ni?"

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tí Àǹtí Latifah ti ń ṣiṣẹ́ wà ní Agbowó, ní òdìkejì ẹnu ọ̀nà yunifásítì, níbi tí ẹ̀rọ ìdàkọ ti ń dún láti àárọ̀ dalẹ́. Àbúrò bàbá Shakirah ni, ilé kan náà ni wọ́n sì jọ ń gbé. Òun ló bá Shakirah ṣí búlọ́ọ̀gì rẹ̀ nígbà ìsinmi, òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi àwòrán sí i, òun náà ló fún un lórúkọ: Ojúlé Shakirah. Ohun tí ọmọ náà ń kọ síbẹ̀ kò burú rárá. Ó kọ nípa òjò tó ká wọn mọ́ Mọ́kọ́lá lọ́jọ́ kan. Ó kọ nípa ewúrẹ́ aládùúgbò wọn tó máa ń tẹ̀ lé àwọn ọmọdé dé ilé kéú, tí aáfà á sì máa lé e bí ẹni ń lé olè. Gbogbo rẹ̀ ni òǹkàwé kan ṣoṣo ń kà, tó sì ń kọ ọ̀rọ̀ kan náà sísàlẹ̀ rẹ̀: "Ó dùn, ọmọ mi. Mo ń retí òmíràn." Ẹ̀yin náà ti mọ òǹkàwé ọ̀hún.

Nílé ìwé, Òkìkíọlá, ọ̀rẹ́ Shakirah, fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú gbogbo kíláàsì. Òun náà ní búlọ́ọ̀gì, èrò sì ń rọ́ síbẹ̀, torí pé ìjà àwọn gbajúmọ̀ àti ìròyìn ẹni tó kọ ọkọ sílẹ̀ ló ń kọ.

"Búlọ́ọ̀gì tí àǹtí ẹni nìkan ń kà, ṣé búlọ́ọ̀gì nìyẹn àbí lẹ́tà?" ni Òkìkíọlá wí. "Jọ̀ọ́, ta ló fẹ́ ka ìtàn ewúrẹ́? Ohun tó bá gbóná lará ayé ń kà. Wá ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn gidi. Kó jẹ́ àṣírí, kó sì pani lẹ́kún. Wàá rí i bí wọ́n ṣe máa ya lù ọ́."

Shakirah bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá ohun tó gbóná kiri.

Ohun tó gbóná ọ̀hún kò jìnnà. Inú ilé wọn ló wà.

Aránṣọ ni Ìyá Shakirah, iwájú ilé wọn gan-an ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, níbi tí Àǹtí Latifah ti máa ń bá a ṣẹ́ etí aṣọ nírọ̀lẹ́. Nígbà tó wọlé ọkọ, Latifah ṣì kéré, eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ ni. Ìyàwó ilé kì í sì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, bó ti wù kí ọmọ náà kéré tó. Ó máa ń wo ọmọ náà dáadáa, á wá orúkọ tó bá a mu fún un. Ìyá Shakirah wo ẹ̀rín ẹnu ọmọ yìí, ó sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni àgbà, "ẹ" ló fi ń bá a sọ̀rọ̀, Eyínfúnjowó ló sì ń pè é.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, Ìyá Shakirah ń wọn Àǹtí Latifah fún aṣọ tó máa wọ̀ níbi yìgì rẹ̀. Abdulmojeed, ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ kan láti Òkè Àdó, ló fẹ́ fẹ́ ẹ. Shakirah jókòó sẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù oníbàárà.

"Ìyàwó wa," ni Àǹtí Latifah wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀, "mi ò tíì sọ fún un o."

"Ẹ ò tíì sọ kí ni fún ta ni, Eyínfúnjowó?"

"Abdulmojeed ni. Mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ wárápá yẹn fún un."

Ìyá Shakirah gbé téèpù sílẹ̀. Àìsàn náà ti ń ṣe Àǹtí Latifah láti kékeré. Oògùn tó ń lò lójoojúmọ́ ti kápá rẹ̀, ó ti pẹ́ gan-an tó ti gbé e ṣánlẹ̀ kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n nítorí ojú ayé, inú agolo páúdà ló ń kó oògùn náà sí.

"Dókítà ní kò sí ohun tó ní kí n má lọ́kọ, kí n má bímọ," ni Àǹtí Latifah tẹ̀ síwájú, omi sì ti lé sójú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ mọ ẹnu ayé. Ẹnu ara mi ni mo fẹ́ kó ti gbọ́ ọ. Bí Iléyá bá ti lọ, tí ariwo bá rọlẹ̀, màá pè é jókòó."

"Bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ti ẹnu onítọ̀hún gbọ́ kì í dà bí èyí tí wọ́n gbọ́ lójú ọ̀nà. Ẹ fọkàn balẹ̀. Inú ilé yìí la ti sọ ọ́, inú ilé yìí náà ló máa wà." Ìyá Shakirah wá kọjú sí aṣọ ìkélé. "Shakirah, o ò gbọ́ nǹkan kan o."

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, mà."

Irọ́ gbáà. Etí rẹ̀ ti gbọ́, ọkàn rẹ̀ sì ti ń kọ ọ́.

Kó tó dalẹ́ ọjọ́ kejì, ìtàn tuntun ti wà lórí búlọ́ọ̀gì náà: "Obìnrin Tó Ń Fi Oògùn Pamọ́ Sínú Agolo Páúdà." Ká má purọ́, ọmọ náà mọ̀ ọ́n kọ. Ó kọ bí obìnrin náà ṣe ń ti ilẹ̀kùn kó tó lo oògùn, bó ṣe ń rẹ́rìn-ín níta tó sì ń bẹ̀rù nínú, bó ṣe fẹ́ lọ́kọ tí ọkọ kò sì mọ̀. Ó rò pé òun ṣọ́ra. Kò kọ Latifah, kò kọ Agbowó, kò kọ Abdulmojeed. Nígbà tó kan orúkọ tí yóò fún obìnrin inú ìtàn náà, ó ronú títí, ó wá kọ Eyínfúnjowó. Lójú tirẹ̀, orúkọ inú ilé lásán ni. Kò sí Eyínfúnjowó nínú ìwé ẹ̀rí kankan, nítorí náà, ta ni yóò mọ̀?

Ọmọdé gbọ́n, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tiẹ̀ kò jìn. Orúkọ tí ìyàwó ilé bá fi ń pe ọmọ ọkọ kì í gbé inú yàrá. Lójú pópó ni Ìyá Shakirah ti ń ké e láàárọ̀: "Eyínfúnjowó, ẹ má gbàgbé oúnjẹ yín o!" Oníbàárà gbọ́ ọ, aláta gbọ́ ọ, ọlọ́kadà gbọ́ ọ. Ìdajì àdúgbò náà ni kò mọ̀ pé obìnrin náà ń jẹ́ Latifah.

Shakirah fi líǹkì ìtàn náà ránṣẹ́ sí Òkìkíọlá. Òkìkíọlá pín in sí gbogbo ẹgbẹ́ Wasáàpù tó wà. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, èrò ti ya wọ Ojúlé Shakirah bí ẹni tó ń lọ síbi ìrun Iléyá. Ní kíláàsì, wọ́n yí i ká. Ọmọ tí kì í bá a sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ ń pè é ní òǹkọ̀wé. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè jẹun ọ̀sán.

Ọ̀rọ̀ kan wà lábẹ́ ìtàn náà tó mú kí àyà rẹ̀ já díẹ̀. Ẹnì kan tí kò mọ̀ kọ ọ́ pé: "Ta ni ọkọ tó fẹ́ fẹ́ ẹ? Ẹ sọ fún un kó tètè sá." Ó wù ú kó yọ ìtàn náà kúrò. Ṣùgbọ́n ó wo iye àwọn tó ti kà á, ó rí i pé ó tún ti lé sí i, ó sì fi í sílẹ̀. Àǹtí Latifah ní tirẹ̀ kò ráyè wo búlọ́ọ̀gì kankan lọ́jọ́ náà, torí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ kó bá wọn tẹ iṣẹ́ wọn ń rọ́ lù ú.

Nígbà tí Shakirah dé láti ilé ìwé, ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ kò dún. Ìyá Akínbíyìí, oníbàárà wọn àtọjọ́mọ́jọ́, dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń ká aṣọ rẹ̀ tí wọn kò tíì gé.

"Ẹ má bínú, Ìyá Shakirah. Mi ò mọ̀ pé ẹni tó ní irú àìsàn yẹn ló ń bá yín ṣẹ́ etí aṣọ."

"Àìsàn wo? Ẹ jókòó ná, kí n fún yín lómi."

"Ẹ má ṣèyọnu, mi ò mu omi," ni ó wí kíákíá, ó sì yára jáde.

Ìyá Shakirah ṣì ń wò ó lẹ́yìn nígbà tí Àǹtí Latifah wọlé láti ibi iṣẹ́. Kò tíì gbé báàgì sílẹ̀ tí Abdulmojeed fi dé. Ẹni tó máa ń jókòó kó tó kí ilé tán, ìdúró ló wà. Ó na fóònù rẹ̀ sí i.

"Latifah, ṣé ìwọ rèé?"

Àǹtí Latifah gba fóònù náà. Ó rí orúkọ búlọ́ọ̀gì tí òun fúnra rẹ̀ sọ lórúkọ. Ó sì kà á láti òkè délẹ̀, bó ṣe máa ń ka gbogbo ohun tí Shakirah bá kọ. Nígbà tó kà á tán, ó gbójú sókè wo Shakirah.

"Èmi ni," ló wí.

"Àìsàn kọ́ ló dùn mí," ni Abdulmojeed wí. "Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wá ránṣọ níbí lọ́jọ́sí ló mọ orúkọ yẹn. Ó kà á fún màmá mi níwájú àlejò. Gbogbo wọn wá ń wò mí. Kí ni kí n sọ? Pé mo mọ̀, àbí pé mi ò mọ̀?"

"Mo fẹ́ sọ fún ẹ lẹ́yìn Iléyá."

"Mo gbà ẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n màmá mi ní àwọn ò ṣe mọ́, mi ò sì tíì mọ ohun tí màá fi bẹ̀ wọ́n." Ó gba fóònù rẹ̀, ó kí Ìyá Shakirah, ó sì lọ.

Shakirah kúnlẹ̀, ó bú sẹ́kún. "Àǹtí mi, ẹ dákun. Mi ò kọ orúkọ yín."

"O ò kọ orúkọ mi? Shakirah, ta ló mọ Latifah ládùúgbò yìí? Àtìgbà tí mo ti gbọ́njú, Eyínfúnjowó ni wọ́n ń pè mí. Ìyá rẹ fi ìfẹ́ fún mi lórúkọ, ìwọ mú un lọ sáàárín ọjà."

Ìyá Shakirah ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani," ló ń wí, ó sì ń mi orí.

Shakirah yọ ìtàn náà kúrò níwájú gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ti dà á kọ, wọ́n ti fi ránṣẹ́ síra wọn, kò sì sí bó ṣe lè wọ inú fóònù oníkálukú lọ yọ ọ́ jáde. Bàbá rẹ̀ gbọ́ nígbà tó dé, ó wò ó, kò nà án. Ì bá sàn fún un ká ní ó nà án.

Iléyá dé, ó lọ. Àwọn ẹbí Abdulmojeed rán àgbàlagbà kan wá pé kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìgì náà dúró ná. Gbogbo wa la mọ irú "ná" bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní Agbowó bẹ̀rẹ̀ sí í nu àga kí wọ́n tó jókòó níbi tí Àǹtí Latifah bá ti dìde. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó gba yàrá kan sí Apẹ́tẹ̀, níbi tí kò ti sí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ tó ń kó ẹrù, Ìyá Shakirah sin ín dé ẹnu ọ̀nà. "Eyínfúnjowó," ló wí, "ẹ máa wá wò wá o."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyàwó wa. Ẹ má fi orúkọ yẹn pè mí mọ́. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, àfi bíi pé gbogbo ayé ń tú agolo páúdà mi wò."

"Kí wá ni kí n máa pè yín?"

"Ẹ máa pè mí ní Latifah."

Ìyá Shakirah ya ẹnu, orúkọ náà kò jáde. Báwo ni ìyàwó ilé ṣe máa pe ọmọ ọkọ lórúkọ? Láti ọjọ́ náà, bó bá pè é lórí fóònù, "Ẹ ńlẹ́ o" nìkan ló ń wí, bí ẹni ń kí àlejò. Shakirah á gbọ́ ọ, á sì sá wọ yàrá.

"Kọ òmíràn o," ni Òkìkíọlá ń wí nílé ìwé. "Àwọn èèyàn ń retí."

"Mi ò kọ irú ẹ̀ mọ́," ni Shakirah dáhùn. "Àṣírí yẹn kì í ṣe tèmi. Àǹtí mi nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́, mo sì já a gbà lẹ́nu wọn. Ìdí ni pé mo fẹ́ kí àwọn tí mi ò mọ̀ mọ̀ mí."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lábùlà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń wá òǹkàwé, ẹ kọ tiyín, ẹ sì bi ẹlòmíràn kẹ́ ẹ tó kọ tirẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Èrò tó sì torí àṣírí ya wọlé kì í jókòó. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, gbogbo wọn ti sá lọ síbi òmíràn.

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Shakirah kọ ìtàn kékeré kan nípa ọ̀nà Apẹ́tẹ̀ lásìkò òjò. Ó gbé e sórí búlọ́ọ̀gì, ó sì ń ṣí i wò láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Kò sí ẹni tó kọ nǹkan kan sísàlẹ̀ rẹ̀. Ó bá padà síbi ìtàn ewúrẹ́ àtijọ́, ó sì ń sunkún bó ṣe ń ka ọ̀rọ̀ tó ṣì wà níbẹ̀: "Ó dùn, ọmọ mi. Mo ń retí òmíràn."