Wọ́n Ní Avéa Rẹwà

Bí Sàdíátù ṣe ti fèrèsé yàrá rẹ̀ síta láàárọ̀ ọjọ́ náà ni pákó rẹ̀ gbá ọkùnrin kan níwájú orí. Ọkùnrin náà ga, ó sì dúdú dáadáa. Ó fi eyín di téèpù ìwọ̀n mú, ó sì na apá méjèèjì sára ògiri bí ẹni tó fẹ́ gbé ilé náà lọ. Kò bú u. Ó yọ téèpù lẹ́nu, ó ń fọwọ́ ra iwájú orí.

"Ta ló rán ẹ sí ògiri wa?" ni Sàdíátù bi í.

"Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí sí Libreville, ṣé ẹ kì í kí èèyàn kẹ́ ẹ tó lù ú?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Sàdíátù kó tó mọ̀.

Yẹ̀kínì lorúkọ rẹ̀, káfíńtà ará Kétu ni. Ó wà lára àwọn tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá nígbà tí epo rọ̀bì sọ gbogbo Libreville di ibi ìkọ́lé. Norbert, ẹni tó ni ilé tí Sàdíátù àti bàbá rẹ̀ ń gbé, ló ní kó wá wọn fèrèsé. Yẹ̀kínì rò pé wọ́n fẹ́ tún ilé ṣe fún àwọn ayálégbé ni.

Àwọn ènìyàn ní Avéa, àdúgbò tí ilé náà wà, rẹwà, wọn ò sì parọ́. Ilé kéékèèké aláwọ̀ oríṣiríṣi, igi máńgòrò lójú ọ̀nà, ṣọ́ọ̀bù tí èèyàn ti lè ra búrẹ́dì láì wọ bàtà. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ni Àlàó, bàbá Sàdíátù, bá níbẹ̀ nígbà tó dé láti Ọ̀fà. Òun àti àwọn aládùúgbò ló gbẹ́ gọ́tà. Àwọn ló ru òkúta wẹ́wẹ́ sójú ọ̀nà. Òdòdó tó gun ògiri wọn, ìyá Sàdíátù ló gbìn ín kó tó kú.

Nígbà tí owó epo dé, àwọn òyìnbó ilé-iṣẹ́ epo bẹ̀rẹ̀ sí í fi mọ́tò rìn jẹ́ẹ́jẹ́ gba ibẹ̀ kọjá. Wọn a dúró, wọn a ya òdòdó náà ní fọ́tò, wọn a ní *c'est charmant*, pé ibẹ̀ wuni. Wọn kì í kí ẹnikẹ́ni. Páìpù omi tuntun gba abẹ́ ilẹ̀ Avéa kọjá lọ sílé àwọn ọ̀gá, ẹ̀rọ omi àdúgbò sì gbẹ. Sàdíátù, tó ń tajà ní ilé oògùn kan tó sì gbọ́ Faransé ju Yorùbá lọ, a máa bínú sí gbogbo rẹ̀.

Yẹ̀kínì ń padà wá. Ó ní òun ò wọn fèrèsé náà dáadáa. Nírọ̀lẹ́, wọn a jókòó sẹ́nu ọ̀nà, Sàdíátù a máa fi Faransé Yẹ̀kínì ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Yẹ̀kínì náà a ní Yorùbá Sàdí dà bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Àlàó ń wò wọ́n, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Lọ́jọ́ kan, Norbert sọ fún Yẹ̀kínì pé kó fi gíláàsì àti nẹ́ẹ̀tì sí àwọn fèrèsé náà, nítorí òyìnbó ló ń kó bọ̀, àwọn ayálégbé yóò ti jáde kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Yẹ̀kínì lè dákẹ́. Kò dákẹ́. Ilé Sàdíátù ló gbà lọ tààrà, ó sọ gbogbo rẹ̀.

"Nígbà tó o fi ń bá mi rẹ́rìn-ín, ilé wa lo ń wọ̀n fún ẹlòmíràn," ni Sàdíátù wí.

"Mi ò mọ̀, Sàdí."

"O ò béèrè."

Àlàó ní tiẹ̀ sọ pé Yẹ̀kínì kò gbọdọ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà òun mọ́. Ó ní ẹni tó wọn pósí òun kò lè di àna òun.

Àlàó tọ Norbert lọ, ó rán an létí gọ́tà àti òkúta. Norbert dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní àwọn Àlàó ló sọ àdúgbò náà di arẹwà lóòótọ́, àmọ́ àwọn tó lówó láti san fún ẹwà náà ló wá dé yìí. Àlàó padà sílé, ó ní àwọn ò ní jáde.

Nígbà tí wọn ò jáde, Norbert kó òṣìṣẹ́ wá, ó ní kí Yẹ̀kínì tú ilẹ̀kùn àti fèrèsé wọn. Yẹ̀kínì ju òòlù sílẹ̀ lójú gbogbo àdúgbò, ó ní òun ò ṣe. Norbert gba gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀, ó lé e. Àwọn yòókù tú ilẹ̀kùn. Òjò wọlé bá bàbá àti ọmọ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ibi tí wọ́n kó lọ jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan lẹ́yìn ọjà Mont-Bouët, níbi tí Àlàó ti ń ta aṣọ. Kò sí ẹni tó ń ya ibẹ̀ ní fọ́tò. Yẹ̀kínì ru bẹ́ẹ̀dì Àlàó lórí lọ síbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àlàó ń bú u lójú ọ̀nà. Ó yá irinṣẹ́, ó ṣa pákó àlòkù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan yàrá fún un. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àlàó dìde, ó bá a di igun pákó kan mú.

"Inú ṣì ń bí mi sí ẹ," ló wí.

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Á máa bí mi lọ ni. Àmọ́ o ò sá."

Sàdíátù gbọ́ ọ láti ìdí iná. Nígbà tí Yẹ̀kínì wá mumi, Sàdíátù sọ fún un pé òun fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kó má retí obìnrin tó tutù.

"Tó o bá fẹ́ mi, ìbínú yìí á bá mi wọlé ọkọ."

"Kó máa bọ̀," ni Yẹ̀kínì fèsì. "Kì í ṣe ìwọ nìkan lo ni ín."

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n so yìgì wọn. Takisí kò lè gun ẹrẹ̀ náà, ẹsẹ̀ ni ìyàwó fi rìn gòkè. Àwọn ará Avéa tí wọ́n lé káàkiri ìlú wá jókòó sórí ẹní. Ààfáà gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún wọn ní ilé tí ẹnikẹ́ni ò ní lé wọn nínú rẹ̀. Gbogbo èèyàn ṣàmín. Sàdíátù náà ṣe é, omijé lójú rẹ̀, ó di ẹ̀ṣẹ́ lórí itan. Yẹ̀kínì na ọwọ́, ó bo ẹ̀ṣẹ́ náà mọ́lẹ̀. Kò gbìyànjú láti tú u. Ó kàn dì í mú bẹ́ẹ̀ títí àdúrà fi parí.