Ẹni Kejìlélọ́gbọ̀n

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé irọ́ ni, ẹ jẹ́ kó máa sọ. Obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láyé, iyè rẹ̀ sì pé. Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé, kì í sì í ṣe ẹni tó ń bù mọ́ ọ̀rọ̀.

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ kù díẹ̀ ni. Gbogbo ilé-ìwé ti gbọ́ pé òṣùpá máa bo oòrùn lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá ti pàṣẹ pé kí ọmọ kankan má jáde, kí ojú má baà fọ́. Tíṣà ti fèrèsé, ó ti ilẹ̀kùn, ó ki kọ́kọ́rọ́ sápò. Ó ka àwọn ọmọ rẹ̀ lórí ìjókòó. Méjìlélọ́gbọ̀n. Kò dín, kò lé.

Òkùnkùn dé. Kò rọra dé bí alẹ́ ṣe ń dé. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn fọwọ́ bo fìtílà. Àwọn ẹyẹ dákẹ́. Òtútù gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ọmọ kan bú sẹ́kún.

"Kò sí nǹkan kan," ni Tíṣà wí. "Màá pe nọ́ńbà yín bí mo ṣe ń pè é láràárọ̀. Ẹ dá mi lóhùn."

Ó ń pè, wọ́n ń dáhùn. Nígbà tó kan ẹni kẹsàn-án, ìyẹn ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Rédíò torí pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ó ní, "Mo wà, Mà, ẹsẹ̀ mi nìkan ni mi ò rí." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọkàn wọn balẹ̀ díẹ̀. Tíṣà pè é títí dórí ẹni kejìlélọ́gbọ̀n, ọmọ tó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Mo wà, Mà."

Ohùn náà jìnnà. Àfi bí ẹni pé ẹ̀yìn ògiri ló ti ń bọ̀.

Ìmọ́lẹ̀ padà. Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ṣófo. Ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì.

"Ẹni tó ń jókòó síbẹ̀ yẹn ńkọ́?"

"Ta ni, Mà?" Rédíò ló bi í. "Kò sẹ́ni tó ń jókòó síbẹ̀. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wá."

Àwọn yòókù mi orí. Wọn ò ṣeré.

Tíṣà ṣí rẹ́jísítà. Ìlà kejìlélọ́gbọ̀n wà níbẹ̀. Ó ti máàkì rẹ̀ lójoojúmọ́, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni, títí kan àárọ̀ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí orúkọ wà funfun báláú. Ó wá orúkọ ọmọ náà lọ wá a bọ̀ nínú orí rẹ̀. Kò rí i. Ó wá ojú rẹ̀. Kò rí i. Ohun tó ṣẹ́ kù ni pé ọwọ́ òsì ló fi ń kọ̀wé.

Nígbà tí wọ́n jáde, kò sí òbí tó wá béèrè. Lọ́jọ́ kejì, kò sẹ́ni tó wá. Èyí ló dun Tíṣà jù.

Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ fún, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ àwọn àgbà kíláàsì ní sáyẹ́ǹsì. Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Mà, mi ò mọ nǹkan kan nípa ọmọ. Òkùnkùn yẹn ni mo mọ̀. Ó ní àyípo tiẹ̀, Sárọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é. Tó bá di ọdún méjìdínlógún, ọjọ́ mọ́kànlá àti wákàtí mẹ́jọ, irú ẹ̀ gan-an á padà."

"Síbí?"

"Rárá o. Wákàtí mẹ́jọ yẹn ni wàhálà. Ayé á ti yí kúrò nídìí ẹ̀. Òkè òkun, lápá ìwọ̀ oòrùn, ló máa ṣú sí. Ìgbà kejì, ibòmíì. Ìgbà kẹta, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, ló máa tó yà sápá ọ̀dọ̀ wa."

Tíṣà kọ ọjọ́ ìpadàbọ̀ náà sẹ́yìn rẹ́jísítà. Kò tún sọ ọ́ fẹ́nikẹ́ni. Ọdún ń gorí ọdún. Ó fẹ̀yìn tì. Irun rẹ̀ funfun.

Ọdún méjìdínlógún àti ọjọ́ mọ́kànlá pé. Ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ó jókòó ní pálọ̀ rẹ̀. Oòrùn ń wọ̀ jẹ́jẹ́. Kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ó fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín: "Ìwọ àgbàlagbà yìí náà!"

Fóònù dún.

Rédíò ni. Ó ti di nọ́ọ̀sì lókè òkun. Lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ ò yá a lẹ́nu.

"Mà… ilẹ̀ ṣú níbí láàárọ̀ yìí. Mo dúró níta ọsibítù. Ọmọ kékeré kan wá bá mi. Yúnífọ́ọ̀mù wa ló wọ̀. Ó pè mí ní Rédíò. Kò sẹ́ni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ níbí, Mà."

"Kí ló sọ?"

"Ó ní, ṣé wọ́n ti jáde ilé-ìwé ni."

Tíṣà di àga mú. "Ó ti dàgbà?"

"Rárá, Mà. Bí a ṣe wà nígbà yẹn náà ló wà. Bàtà ẹ̀ nìkan ló ti jẹ tán. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ń kanlẹ̀." Rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Mo ní kó dúró. Ìmọ́lẹ̀ dé, mi ò rí i mọ́. Mà, ẹ forí jì mí. A sọ fún yín pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀."

Tíṣà ò sùn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó lọ bá bàbá tó ń ṣe bàtà lójú títì.

"Bàtà ọmọdé ni. Ọmọ ọdún méje. Ẹ jẹ́ kí ìtẹ̀lẹ̀ ẹ̀ nípọn dáadáa, ọ̀nà tó ń rìn jìn."

"Ìgbà wo ló fẹ́ wọ̀ ọ́?"

"Ó ku ọdún mẹ́rìndínlógójì."

Bàbá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú Tíṣà. Ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó fa awọ tó nípọn jù lọ jáde.