Ẹni Tó Pààrọ̀ Ìbọn Bàbá Oyinadé

Ọta márùn-ún ni Oyinadé yìn, kò sí ọ̀kan tó sún mọ́ àárín bébà. Ó gbé ìbọn ìléwọ́ náà sórí tábìlì pápá ìyìnbọn, ó yíjú sí Adégbénró.

"Ọ̀gá, ìbọn bàbá mi kọ́ nìyí."

Adégbénró rẹ́rìn-ín. Ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọgbọ̀n ọdún ló fi tún ìbọn ṣe fún ìjọba kó tó gba ìwé àṣẹ, tó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Agege. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi tún ìbọn àtijọ́ yìí ṣe kí Oyinadé lè fi díje. Ó tú igi ìdìmú rẹ̀, ó ń wá àmì kékeré tó máa ń fín sára irin gbogbo ìbọn tó bá tún ṣe. Kò sí àmì. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Nọ́ńbà ara ìbọn náà bá ti tẹ́lẹ̀ mu, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe fín in wọ́.

"Ẹ ti tà á, àbí? Olè ni yín! Ohun kan ṣoṣo tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi!"

"Ọmọ mi, mi ò jalè rí."

Adégbénró to igi ìdìmú náà padà. Wọ́n lè gba ìwé àṣẹ rẹ̀, wọ́n sì lè fi í sẹ́wọ̀n. Ẹnì kan ṣoṣo ló tún fọwọ́ kan ìbọn náà: Fọlábí tó máa ń bá a dan irin. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ló dá a padà, wọ́n sì gbé e tààrà wá sí pápá.

Fúnra Adégbénró ló gbé ọ̀rọ̀ lọ bá Ìnsípẹ́kítọ̀ Nusrat. Nusrat gba nọ́ńbà fóònù Fọlábí, ó pè é bí oníbàárà.

"Mo gbọ́ pé o ní ìbọn àtijọ́ kan tó dáa."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ẹni tó mọ̀ ẹ́. Ṣé o ní in, àbí o ò ní?"

Ojúkòkòrò kì í jẹ́ kí olè bi ìbéèrè kejì. "Computer Village, lọ́jọ́bọ̀, aago méjì ọ̀sán. Ẹ má mú ẹnikẹ́ni dání o."

Nusrat pààrọ̀ aṣọ, ó gbàgbé bàtà. Bí Fọlábí ṣe rí bàtà ọlọ́pàá yẹn báyìí, ó fi eré sí i. Ó ti tábìlì ẹnì kan tó ń ta ṣájà fóònù ṣubú, ó fò sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Nusrat àti Adégbénró tó ti fara pamọ́ nítòsí wọ òmíràn, wọ́n gbá tẹ̀lé e títí dé ọjà màlúù Oko Ọba. Ó sáré wọ àárín màlúù, màlúù ńlá kan sì fún un mọ́ ọgbà. Abdulmumin tó ń ta màlúù níbẹ̀ di kọ́là rẹ̀ mú.

"Ọ̀gá, èwo lẹ fẹ́ rà?"

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Nusrat jókòó sí iwájú Fọlábí.

"Mélòó lo ti pààrọ̀?"

"Ọ̀kan, mà."

"Fọlábí!"

"Mẹ́ta. Àwọn méjì yòókù wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mo fín nọ́ńbà wọn sára ayédèrú."

"Kí ni bàbá yìí fi ṣe ẹ́?"

Ó wolẹ̀. "Kò fi nǹkan kan ṣe mí. Ó kàn fọkàn tán mi ni."

Inú báàgì tó gbé kọ́rùn ni wọ́n ti bá ìbọn bàbá Oyinadé. Oyinadé dé, ó rí àmì lábẹ́ igi ìdìmú rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ọlọ́pàá.

"Ẹ má bínú, sà. Mo pè yín lólè."

"Dìde, ọmọ mi. Bó bá jẹ́ èmi ni, màá sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ." Adégbénró nu ojú rẹ̀. "Lọ́la ni ká lọ yìn ín. Ọjọ́ mẹ́rin nìyí tí mi ò tíì fojú kan oorun."