Ẹ̀rọ Tó Dá Ìwé Ìdìbò Padà

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni, ìdìbò ku ọ̀la. Aránṣọ kúnlẹ̀ sẹ́yìn oníbàárà rẹ̀, pínnì mẹ́ta wà láàárín ètè rẹ̀, ó ń wọn etí aṣọ kí ẹ̀gbẹ́ kan má baà gùn ju èkejì lọ. Oníbàárà yìí ni Oníbúrẹ́dì, tí ilé ìṣẹ́ rẹ̀ dojú kọ ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹlẹ́nu mímú ni, kì í sì í lè dúró jẹ́ẹ́. Bí fóònù rẹ̀ ti dún, ó tẹ̀ ba, aṣọ sì yọ́ bọ́ lọ́wọ́ Aránṣọ.

"Ẹ dúró dáadáa, ẹ jọ̀ọ́."

"Ìdúró wo, ẹ̀gbọ́n? Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́." Oníbúrẹ́dì gbé fóònù sókè, ó kà á sókè bí ẹni ń ka ìròyìn. "'Ẹ má lọ dìbò lọ́la. Wọ́n ti to ẹ̀rọ tuntun yẹn sílẹ̀. Ẹni yòówù kẹ́ ẹ yàn, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò máa kà á fún. Ẹ jókòó sílé yín. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí èèyàn ogún.'"

"Ta ló kọ ọ́?"

"Wọn ò kọ orúkọ sí i. Àmọ́ gbogbo ayé ló ń fi í ránṣẹ́! Èmi náà ti fi í ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ mi. Àwa mọ́kànlá là ń jókòó sílé lọ́la."

Aránṣọ yọ pínnì lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí ti ń kọ ọ́ lóminú. Látìgbà tó ti tójú bọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ka ìbò, níṣojú gbogbo èèyàn, tí wọ́n á máa pariwo, "Ọ̀kan! Èjì! Ẹ̀ta!" Ní báyìí, wọ́n ní àpótí kan ni yóò máa gbé ìbò mì, tí yóò sì pọ èsì jáde.

"Ó dáa náà," ó ní. "Aṣọ tí mo fẹ́ rán ò lóǹkà. N ò lọ mọ́."

Nírọ̀lẹ́, àbúrò ọkọ rẹ̀ yà kí i. Olùkọ́ ìṣirò ni obìnrin náà, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n dá lẹ́kọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́ níbi ìdìbò. Aránṣọ kì í pè é lórúkọ. Eyínfúnjowó ló ń pè é látọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, nítorí eyín rẹ̀ tó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú.

"Ìyàwó wa, aago mélòó lẹ fẹ́ lọ lọ́la?"

"Lọ síbo, Eyínfúnjowó? Kí n gbé ìbò mi lọ fún ẹ̀rọ jẹ?" Aránṣọ sì ro gbogbo ohun tí Oníbúrẹ́dì kà fún un.

Eyínfúnjowó ò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga kan sún mọ́ tábìlì, ó mú ẹfun tí Aránṣọ fi ń fa ìlà sára aṣọ, ó sì ya òbìrìkítí mẹ́ta sórí bébà tó wà nílẹ̀ níbẹ̀.

"Ẹ wò ó. Ìwé ni wọ́n máa fún yín lọ́la. Orúkọ àwọn tó ń díje wà níbẹ̀, òbìrìkítí kan sì wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó fi bíìrò kun ti ẹni tó wù yín, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó sì kì í bọ ẹnu ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà lójú bíi ti kámẹ́rà. Ó máa wo èyí tẹ́ ẹ kùn, ó máa fi ẹyọ kan kún iye ẹni yẹn, ìwé yín á wá bọ́ sínú àpótí tí wọ́n tì pa lábẹ́ rẹ̀."

"Ìwé náà ò ní pòórá?"

"Ó máa wà níbẹ̀ digbí."

"Ẹ̀rọ ò wá ní mọ̀ pé èmi ni mo dìbò fún ẹni báyìí?"

"Báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀? Orúkọ yín ò sí lórí ìwé ìdìbò. Ìwé orúkọ orí tábìlì ni wọ́n ti máa fàmì sí i pé ẹ wá, ibẹ̀ ló parí sí."

Aránṣọ ò tíì gbà. "Tí ẹnì kan bá jókòó sí yàrá ẹ̀, tó gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọ inú ẹ̀rọ yẹn ńkọ́?"

"Kì í sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nígbà tá a bá ń dìbò lọ́wọ́. Bátìrì ló ń lò. Tá a bá parí, á tẹ èsì sórí ìwé níṣojú gbogbo èèyàn kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ síbikíbi. Aṣojú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á buwọ́ lù ú, wọ́n á sì lẹ ọ̀kan mọ́ ara ògiri. Ẹ yà á sínú fóònù yín. Tí wọ́n bá lọ ka nǹkan míì lókè lọ́hùn-ún, ẹ̀rí ti wà lọ́wọ́ yín."

"Tí ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ bá wá ṣì í kà?"

"Ó lè ṣì í. Èèyàn náà lè ṣì í. Ìdí nìyẹn tí ọ̀kan fi ń ṣọ́ ìkejì. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n máa ṣẹ́ kèké níṣojú gbogbo ẹgbẹ́. Ibùdó tí kèké bá mú, wọ́n á ṣí àpótí rẹ̀, wọ́n á sì fọwọ́ ka ìwé inú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè mọ ibi tí kèké máa mú ṣáájú."

"Ẹ̀yin olùkọ́ yìí náà, ẹnu yín dùn ju oyin lọ."

"Ẹ má gbà mí gbọ́ o! Ìròyìn ò tó àfojúbà. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ tẹ ìwé òdo jáde, pé kò sí ìbò kankan nínú òun. Ẹ tètè lọ, kẹ́ ẹ fojú yín rí i. Ibòmíì ni wọ́n fi èmi sí, n ò ní sí níbẹ̀ láti tàn yín."

Ká sòótọ́, kì í ṣe ìgbàgbọ́ ló gbé Aránṣọ dé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Àríyànjiyàn ni. Ó fẹ́ rí ibi tí ọ̀rọ̀ àbúrò ọkọ rẹ̀ ti máa já sí irọ́.

Wọ́n ti to àwọn bẹ́ǹṣì sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kíláàsì, ìṣirò táwọn ọmọ ṣe kẹ́yìn ṣì wà lójú pátákó. Alábòójútó, obìnrin onígíláàsì ojú kan tó ń rọra sọ̀rọ̀, dojú àpótí kodò kí gbogbo èèyàn rí i pé ó ṣófo, ó sì tì í pa. Ó tan ẹ̀rọ. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ jáde.

"Ta ló fẹ́ kà á?"

Kí ẹlòmíì tó dáhùn, Aránṣọ ti na ọwọ́. "Òdo. Òdo. Òdo. Àpapọ̀ gbogbo ẹ̀, òdo." Ó yí ìwé náà wò lẹ́yìn, bóyá nǹkan wà níbẹ̀. Kò sí.

Ìlà gùn. Nígbà tó fi máa kàn án, èèyàn igba ó lé mọ́kànlá ti dìbò. Ó wọ ibi kọ́lọ́fín tí wọ́n fi páálí ká, ó kun òbìrìkítí ẹni tó fẹ́ kunkun, ó pa ìwé dé mẹ́rin bí ẹni ká aṣọ oníbàárà, ó sì jáde. Ó tú u, ó kì í bọ ẹnu ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ fà á wọlé díẹ̀. Ó dún "pín-ìn, pín-ìn," ó sì pọ̀ ọ́ padà.

"Háà! Ó kọ ìbò ẹ̀!"

"Ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ rèé! Mo sọ fún yín!"

Gbàgede dàrú. Káfíńtà kan wà lójú fèrèsé, tí wọ́n ń pè ní Kò-sí-wàhálà, bẹ́ẹ̀ kò sí wàhálà kan tó kọjá tí kì í sí nídìí rẹ̀. Ó fò wọlé, ó gbé àga onígi sókè lórí. "Ẹ yà fún mi! Mo fẹ́ fọ́ olè yìí!"

Ọ̀rọ̀ Oníbúrẹ́dì ń ró gbọnmọgbọnmọ létí Aránṣọ. Ṣé òótọ́ wá ni? Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Òbìrìkítí tó kùn nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ni dúdú tó wà lórí òbìrìkítí kejì yìí? Ibi tó ká ìwé sí ló bá a mu rẹ́gí. Yíǹkì ò tíì gbẹ nígbà tó pa á dé! Ó gbójú sókè wo ojú ẹ̀rọ. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà: "Àmì ju ẹyọ kan lọ. Ìwé yìí kò tíì wọlé."

Ó yíjú padà, ó fẹ̀yìn ti ẹ̀rọ náà, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Kò-sí-wàhálà, o ti dìbò?"

"Mo ti dì í látàárọ̀! Ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Ìwé tó o fi dì í dà?"

Aránṣọ fọwọ́ kan àpótí tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ.

"Ó wà lábẹ́ ibí. Tìẹ, ti ìyàwó ẹ, ti gbogbo èèyàn tó ti dìbò láti òwúrọ̀. Tó o bá fọ́ ọ, ìbò ara ẹ lo fọ́ yẹn!" Ó di ìwé rẹ̀ mọ́ àyà kí ẹnikẹ́ni má rí i. "Èmi ni mo ká ìwé tútù, tí yíǹkì ràn sí ojú méjì. Ká ní olè ni, á ti mú èyí tó wù ú nínú méjèèjì, á sì dákẹ́. Ó dá a padà pé kí n lọ tún un ṣe."

Bàbá àgbàlagbà kan tó wà lórí ìlà wúkọ́. "Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Gbé àga yẹn wá, ọmọ mi, ẹsẹ̀ ń ro mí."

Ẹ̀rín bú. Kò-sí-wàhálà rọra gbé àga sílẹ̀, bàbá sì jókòó lé e. Alábòójútó gba ìwé tó bàjẹ́, ó kọ "Ó bàjẹ́" sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi í sínú àpòòwé, ó sì fún Aránṣọ ní òmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ó fi gbẹ, kò sì ká a, ó kàn dojú rẹ̀ délẹ̀ ni. Ẹ̀rọ gbé e mì. Igba ó lé mọ́kànlá tó wà lójú rẹ̀ di igba ó lé méjìlá.

Nígbà tí wọ́n parí, irinwó lé méjìlá ni gbogbo ìbò, iye èèyàn tí wọ́n fàmì sí orúkọ wọn gẹ́lẹ́. Ẹni tó gbapò kìíní ní igba ó dín mẹ́wàá. Ẹni tí Aránṣọ dìbò fún ní ọgọ́sàn-án ó lé kan. Ẹnì kẹta ní ogójì ó lé kan. Wọ́n lẹ ìwé èsì náà mọ́ ògiri, Aránṣọ sì fi fóònù yà á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, kèké mú ibùdó wọn. Wọ́n ṣí àpótí níṣojú aṣojú gbogbo ẹgbẹ́. Aránṣọ lọ wò ó. Kò-sí-wàhálà náà wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ ò kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ń kà á. Wọ́n kà á tán: irinwó lé mọ́kànlá. Ẹyọ kan dín!

Alábòójútó ní kí wọ́n tún un kà. Nígbà tí wọ́n dé ìdìpọ̀ ẹni tó wọlé, ìwé méjì lẹ̀ mọ́ra wọn bí ìbejì. Wọ́n là wọ́n, ó pé irinwó lé méjìlá, bí ẹ̀rọ ṣe kà á.

"Ẹ gbà mí!" ni Kò-sí-wàhálà ké. "Èèyàn ló wá ṣì í kà!"

Ẹni tí Aránṣọ fẹ́ ò wọlé, ì báà ṣe níbẹ̀ tàbí ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ó dùn ún, kò fi bò. Àmọ́ ó mọ̀ pé wọn ò rẹ́ òun jẹ.

Oníbúrẹ́dì wá gba aṣọ rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. "Ẹni tiwa ò wọlé, ẹ̀gbọ́n. Ṣé ẹ wá rí i pé ẹ̀rọ yẹn ti jẹ ìbò?"

Aránṣọ ṣí àwòrán inú fóònù, ó nà án sí i. "Kò jẹ ìbò kankan. Wọ́n fọwọ́ kà á níṣojú mi. Ìbò mẹ́sàn-án ni wọ́n fi jù wá lọ níbùdó yìí. Ẹ̀yin mélòó lẹ jókòó sílé?"

"Mọ́kànlá ni wá," ni Oníbúrẹ́dì sọ. Ó jókòó wọ̀ọ̀. Ó mú fóònù rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pé irọ́ ni nǹkan tóun fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì.

Ẹ̀yin ará wa, tí ìdìbò bá ń bọ̀, tí ọ̀rọ̀ aláìlórúkọ bá ní kẹ́ ẹ jókòó sílé, ẹ béèrè ẹni tó kọ ọ́ kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹ tètè dé ibùdó yín, kẹ́ ẹ rí ìwé òdo. Òbìrìkítí kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ kùn, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ má ká a. Bí ẹ̀rọ bá dá ìwé yín padà, ẹ ní sùúrù, ẹ ka ohun tó kọ, ẹ sì gba ìwé tuntun lọ́wọ́ alábòójútó; ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ dúró gbọ́ èsì, ẹ ya èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Ohun tó bá sì rú yín lójú, ọ̀dọ̀ aṣojú ẹgbẹ́ àti àjọ elétò ìdìbò ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, ẹ má fi ẹ̀ṣẹ́ yanjú rẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kẹ́ ẹ jáde. Kò sí ọwọ́, kò sí ẹ̀rọ, tó lè ka ìbò ẹni tó jókòó sílé.