Òjìji Ọwọ́ Òsì Màmá Suzanne

Obìnrin inú fídíò náà gbé ọmọ rẹ̀ sókè, òjìji tó wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀ kò sì gbé nǹkan kan. Ohun tó kọ́kọ́ kọ mí lóminú nìyẹn, mo sì ṣe bí ẹni pé n kò rí i.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Sakété, nílẹ̀ Benin, ni pé mo ń gba kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, mo ń kó ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, mo sì ń fọ̀ ọ́ mọ́. Ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìsàmì, kò sí èyí tí ọdún kì í ba lójú jẹ́. Èérún funfun tó máa ń jó lójú fídíò àtijọ́ bí ìgbà tí gààrí dànù, ariwo ni àwa oníṣẹ́ ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í dún. Mo kórìíra rẹ̀. Wọ́n ní èmi Laure lè fi ọ̀sán gbogbo jà nítorí èérún kan, wọn kò sì parọ́ mọ́ mi.

Léonce ló gbé kásẹ́ẹ̀tì náà wá lásìkò ọyẹ́. Tíṣà ni ní Pobè, ọmọ Igana sì ni. Òun gan-an ni ọmọ ọwọ́ inú fídíò náà, lọ́jọ́ tí Màmá Suzanne, ìyá rẹ̀, gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti dúpẹ́. Ó ní ìjọ wọn, ìjọ aláṣọ funfun tó ti Àjàṣẹ́ wá, fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ fún màmá, wọ́n sì fẹ́ ta aṣọ sára ògiri, kí wọ́n tan fídíò náà sí i, kí gbogbo ènìyàn lè rí màmá nígbà èwe rẹ̀. Kí n ṣáà jẹ́ kó mọ́ kedere. Ó fi kún un pé màmá kò fẹ́ kí òun gbé e wá, pé ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Àgbà ni, kí ló mọ̀ nípa ẹ̀rọ?

Lójísíẹ̀lì mẹ́ta ni mo ní fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń fọ fídíò. Ọ̀kan máa ń yára, ṣùgbọ́n ó ń ra ojú ènìyàn mọ́lẹ̀ títí yóò fi dà bí ẹ̀kọ tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí nínú ewé. Èkejì ló gbọ́n jù. Ohun tí kò bá lójú, yóò kà á sí ẹ̀gbin, yóò pa á rẹ́, yóò sì fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ ya ohun tó rò pé ó yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ti gbó, ó lọ́ra bí ìgbín. Èérún ló ń ṣà ní tirẹ̀. Kì í dá nǹkan yà, kì í sì í gbé ohun tó bá dúró kúrò ní àyè rẹ̀.

Mo ka òjìji yẹn sí àbùkù. Nínú kásẹ́ẹ̀tì tó ti gbó, àwòrán kan lè di méjì, kí èkejì máa tẹ̀lé e bí èéfín. Àmọ́ ohun tí àwòrán bá ṣe ni èéfín rẹ̀ ń ṣe. Èyí kò gbé ọmọ. Ó dúró, ó ń wo ọmọ náà. Mo yan lójísíẹ̀lì kejì.

Iṣẹ́ náà ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀sán ni, ọyẹ́ bo títì, oòrùn funfun bí àwo, oorun ń gbé mi, ó ń sọ̀ mí kalẹ̀. Bóyá lójú oorun ni mo ti rí i, n kò lè búra. Ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ń bo òjìji náà mọ́lẹ̀, láti orí dé èjìká, láti èjìká dé ọwọ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kó tán, ọwọ́ náà nà sókè bí ẹni tó ń wá ohun tí yóò dì mú. Lẹ́yìn náà, ògiri nìkan ló kù. Fídíò náà mọ́ gaara, inú mi sì dùn, ṣùgbọ́n apá òsì mi tutù bí ẹni tó fara ti ìkòkò omi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Chancelle tó ń ta ẹ̀kọ mímu lẹ́nu ọ̀nà mi gbé ife méjì wá. Ife kan ni mo máa ń rà. Mo bi í pé ta ló ni èkejì. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Tàntí, ṣé màmá tó jókòó tì yín kì í mu ẹ̀kọ ni?”

Èmi nìkan ni mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo sọ fún un pé ọyẹ́ ti kó sí i lójú, mo sì mu ife méjèèjì, torí ẹ̀kọ kì í ṣe ohun tí à ń dà nù.

Kò pẹ́ tí Léonce fi pè mí. Ó ní màmá kò jẹun mọ́. Lọ́sàn-án àná, bó ti ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, ló dédé wó sí apá òsì, bí ẹni tí wọ́n yọ ògiri tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, dókítà kò rí nǹkan kan. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu màmá: ta ló gbé ẹnì kejì òun lọ? Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo wọ takísí dé Pobè, mo gun sẹ́mí, alùpùpù akérò, dé Igana.

Màmá Suzanne dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó fi apá òsì ẹní sílẹ̀ lófìfo. Ó ti rù. Aṣọ àdìrẹ kan tó ti ṣá ló ró mọ́ra. Mo kúnlẹ̀ kí i. Kò wo ojú mi, ẹ̀gbẹ́ mi ló wò, bí ẹni tó ń retí pé mo mú ẹnìkan wá.

“Ìwọ lo gbé e kúrò níbẹ̀?”

“Èmi ni, Mà. Mo rò pé àbùkù ni.”

Ó wá sọ ohun tí Léonce, pẹ̀lú gbogbo ìwé tó kà, kò mọ̀ rí. Kẹ́hìndé ni òun. Táíwò òun kú ní kékeré, wọ́n gbẹ́ ère fún un, méjì méjì ni wọ́n sì ń ra ohun gbogbo. Nígbà tí bàbá wọn di onígbàgbọ́, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sin ère náà sí oko, ó sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe orúkọ yẹn mọ́. Láti ìgbà náà, Táíwò kò níbi tí yóò dúró sí. Oyún tó bá sì wọ inú Suzanne, kì í dúró. Nígbà tó wá lóyún Léonce, tí ó bí i láyè, ó bẹ oníkámẹ́rà lọ́jọ́ ìdúpẹ́ pé kó fi àyè sílẹ̀ lọ́wọ́ òsì òun, bí a ti máa ń fi àyè ìbejì tó ti lọ sílẹ̀ nínú fọ́tò. Ọmọ Ànàgó ni mí. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ wà lára ògiri nílé wa. Ojú tì mí.

“Àyè rẹ̀ ni,” ni màmá wí. “Dá a padà, bí o kò bá fẹ́ kí n bá a lọ.”

Léonce dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún láìdún.

Kásẹ́ẹ̀tì náà ti já sínú ẹ̀rọ mi, ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ́kọ́ kó sórí kọ̀ǹpútà ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ariwo rẹ̀. Lójísíẹ̀lì ẹ̀kẹta ni mo fi ṣe é. Mo jókòó tì í, mo ń gbàdúrà. Bí èérún ti ń kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, òjìji náà ń ní ojú. Mo rò pé ojú ọ̀dọ́ ni yóò jẹ́, bíi ti ìyá ọlọ́mọ tó dúró tì. Arúgbó ni. Irun rẹ̀ funfun, ó rù, àdìrẹ tó ṣá yẹn náà ló sì ró. Ọjọ́ tí wọ́n ya fídíò yẹn, Màmá Suzanne kò tíì ní ewú kan lórí.

Mo gbé e lọ sí Igana. Màmá wò ó, ó sì na ọwọ́ òsì sórí ẹní bí ẹni tó ń fọwọ́ kan ara ènìyàn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n bu ẹ̀wà wá, kí wọ́n bù ú sí abọ́ méjì, ó sì jẹ tirẹ̀ tán. Bí mo ti ń dìde, mo bi í bóyá ó ti parí.

“Ó ti padà,” ló sọ. “Ṣùgbọ́n o ti fún un níjòókòó lọ́dọ̀ rẹ. Ó ti mọ ọ̀nà.”

Láti ìgbà náà, ife kan ni Chancelle ń gbé wá. Wọ́n ṣe ìdúpẹ́ náà, ìjọ wo fídíò pẹ̀lú èérún rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ráhùn.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Màmá Suzanne sùn, kò jí. Léonce ló pè mí láti sọ ọ́. Mo sunkún, mo sì ṣí fídíò náà láti tún rí i. Ògiri ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀. Ọmọ náà wà níbẹ̀, lókè, nínú aṣọ funfun rẹ̀. Màmá kò sí, òjìji kò sí, kò sí ọwọ́ kankan tó gbé e.

Ibẹ̀ ni mo ṣì wà tí Chancelle fi wọlé. Ó gbé ife mẹ́ta kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí wa, ó sì jáde.