Bátìrì Tó Wú Kì Í Ṣe Eéwo

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, yàrá ìránṣọ Màmá kún bí ikùn ẹni tó jẹ àjẹyó. Aṣọ oníbàárà wà lórí àga, èyí tí wọ́n gé kù wà nílẹ̀. Lórí òkìtì aṣọ tí wọn kò tíì gé, ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọwọ́, sùn lọ fọnfọn, ó ń hanrun bí àgbà.

Màmá jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, àmọ́ aṣọ kọ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bátìrì dúróònù rẹ̀ ni.

Dúróònù yìí, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tó ń ya fọ́tò látòkè, ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin rà fún un, kó lè máa fi wá owó, nígbà tí Màmá sọ pé ojú òun kò lè máa wo ihò abẹ́rẹ́ títí láé. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ńṣe ló ń sáré tẹ̀lé e kiri pápá bí ẹni tó ń lé adìẹ, tí ìdí ń mì lẹ́yìn. Ó ti wá ń mọ̀ ọ́n díẹ̀díẹ̀ kí dúróònù náà tó já lu òkúta. Àtìgbà náà ni bátìrì rẹ̀ ti ń wú.

Ọkọ rẹ̀ yọjú. "Ìyá Ẹlẹ́yẹ, ó jọ pé ẹyẹ rẹ ti lóyún."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀yin kọ́ lẹ fún un. Ẹ̀yin ti fẹ̀yìn tì. Afẹ́fẹ́ ló kó sí i nínú. Mo fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́, kó mí jáde."

Ó ṣa abẹ́rẹ́ tó nípọn jù, ó nù ún lára aṣọ rẹ̀, ó na ọwọ́ jáde kó lè ríran rí i.

Ìgbà náà ni ìyàwó ọmọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ panápaná, dé láti wá fún ọmọ lọ́mú. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gún un."

"Ìyàwó wa, ṣé ẹ̀jẹ̀ lò ń bẹ̀rù?"

"Iná ni, Màmá. Bí abẹ́rẹ́ yẹn bá wọlé, iná lè bú jáde sí yín lójú. Ẹ wo gbogbo aṣọ tó yí yín ká. Ẹ wo ibi tí ọmọ sùn sí."

Màmá wo ọmọ. Àyà rẹ̀ já. Ó yáa mú abẹ́rẹ́ kúrò lára bátìrì.

Ìyàwó ní, "Ẹ rọra gbé e kalẹ̀. Bàbá, ẹ bá mi gbé ọmọ jáde."

Ìyàwó fi abọ́ irin gbé bátìrì náà lọ sórí yanrìn láàárín àgbàlá, ó jìnnà sí ògiri àti aṣọ tí wọ́n sá. Wọn ò tíì jókòó dáadáa tí bátìrì fi ń dún ṣìì. Èéfín yọ, iná sì tẹ̀ lé e. Ìyàwó ní kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ ọn. Ó jó, ó jó, ó kú síbẹ̀.

Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gba ọmọ mọ́ àyà. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

"Mo dúpẹ́ o. Ìtọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lára mi. Èmi àgbàyà, ohun tó bá ṣáà ti wú, abẹ́rẹ́ ni mò ń yọ sí i."

Ọkọ rẹ̀ fọwọ́ pa ikùn rẹ̀ tó yọ síta. "Orí yọ mí nìyẹn."

"Ìyàwó wa, ṣé kí n sọ dúróònù yẹn nù ni?"

"Rárá o, Màmá. Bátìrì tí wọ́n dìídì ṣe fún un ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ máa ṣáájì í lójú yín, lórí ilẹ̀ gbalasa, kó má sí aṣọ nítòsí."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní dúróònù, ẹ gbọ́. Bó bá já bọ́, ẹ yẹ bátìrì rẹ̀ wò. Bó bá wú, tó gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí tó ń rùn, ẹ má lò ó, ẹ má ṣáájì í, ẹ má gún un, ẹ má sì jù ú sórí ààtàn. Bí kò bá tíì rú èéfín, ẹ gbé e síta sórí yanrìn, kẹ́ ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń gba irú rẹ̀. Bó bá ti ń rú èéfín, ẹ sá fún un, kẹ́ ẹ pe panápaná. Kẹ́ ẹ sì tó gbé e fò rárá, ẹ béèrè òfin àdúgbò yín: ẹ má gbé e fò lórí èrò, ẹ má gbé e fò nítòsí pápákọ̀ òfuurufú, ẹ má jẹ́ kó kúrò níbi tójú yín tó o.

Ohun tó bá wú, tẹ́ ẹ ò mọ ohun tó gbé mì, ẹ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n kó tó pọ̀ ọ́ sí yín lójú.