Nígbà tí Alága Gba Ṣọ́ọ̀kì

Alága ti wọ abẹ́ tábìlì ìránṣọ, ó ní ọ́fíìsì òun nìyẹn, kí ẹni tó bá fẹ́ wọlé kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn. Ọmọ ọdún mẹ́rin péré ni, ṣùgbọ́n bó ṣe ń pàṣẹ fún gbogbo ilé ló fi jẹ orúkọ yẹn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún méjì, ni wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi í ṣe, nítorí kò sí ohun tí ọmọ náà ń rọra ṣe. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi sínú bàtà ara rẹ̀ tán ni, ó sì ń pàtẹ́wọ́.

"Igbákejì mi," ni ìyá wọn pe ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. "Mò ń gbé àwọn tí mo ti rán lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń lu ihò bọ́tìnnì. Mẹ́fà ló kù láti gé, mo sì ti fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sí gbogbo wọn. Jẹ́ kí àwọn èèyàn yìí sùn ná kí o tó mú àlùmọ́gàjí. Ṣọ́ọ̀kì ò sì gbọdọ̀ dé ọwọ́ Alága."

"Ẹ má ṣèyọnu, Mọ́mì."

Ogún aṣọ ni, ti iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi kan, àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ débẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ́ obìnrin tó ni iléèwé náà lọ́rùn, ìyá wọn ni yóò máa rán gbogbo aṣọ ibẹ̀, nínú ilé ara rẹ̀. Kò ní padà mọ́ sí ilé iṣẹ́ ńlá tó ti ń ránṣọ tẹ́lẹ̀, níbi tó jẹ́ pé ìdájí ló ń jáde, tí àwọn ọmọ á sì ti sùn kó tó dé. Láyé ìgbà yẹn, Igbákejì ni Jẹ́jẹ́ ń pè ní Mọ́mì. Gbogbo ilé ló ń fi í rẹ́rìn-ín, àfi ìyá wọn.

Bàbá wọn, tó jẹ́ jórinjórin, ti wẹ àwọn ọmọ, ó ti fún wọn lóúnjẹ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Oorun nìkan ló kù, oorun ọ̀hún ló sì kọ̀ tí kò dé. Igbákejì kọrin títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Ìgbà náà gan-an ni fóònù rẹ̀ dún.

"Àwa la gbapò kìíní!" ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. Eré ìje kíláàsì wọn ti àárọ̀ ọjọ́ náà ló ń sọ, èyí tí Igbákejì kò lè lọ wò nítorí àwọn ọmọ. "Jókòó kí n ròyìn rẹ̀ fún ọ."

"Ìṣẹ́jú méjì péré o."

Alága ń fa aṣọ rẹ̀. "Àǹtí mi, ẹ fún mi níṣẹ́."

Kó lè ráyè gbọ́ ìròyìn, Igbákejì na ṣọ́ọ̀kì kan àti ìwé ìròyìn àtijọ́ sí i, ó bọ́ sí ẹ̀yìn ilé. Ìṣẹ́jú méjì di ogójì. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́, kò sì bi ara rẹ̀ léèrè ìdí.

Nígbà tó wọlé, àwọn méjèèjì ti sùn lọ fọnfọn, Jẹ́jẹ́ lórí aṣọ tí ìyá wọn fàlà sí, tòun ti ṣọ́ọ̀kì lẹ́nu. Inú Igbákejì dùn. Ó rọra gbé e kúrò, ó mú àlùmọ́gàjí, ó gé aṣọ kan, ó gé èkejì. Ìgbà tó gbé wọn lé ọ̀kan tí ìyá wọn fi sílẹ̀ fún àpẹẹrẹ ni ó rí i pé wọ́n fi ìka mẹ́ta kéré. Ara Jẹ́jẹ́ ti nu ìlà ìyá wọn kúrò. Ìlà tí Alága fà sórí rẹ̀ ni Igbákejì tẹ̀ lé.

Ó ká aṣọ méjèèjì, ó tì wọ́n sábẹ́ ibùsùn. Ó ti ń ro ohun tí yóò sọ: Mọ́mì fúnra wọn ni wọ́n fàlà sí i bẹ́ẹ̀, ó ti rẹ̀ wọ́n. Jẹ́jẹ́ lajú lójijì, ó nawọ́ sí i. "Mọ́mì," ló wí, ó tún sùn lọ.

Ọ̀rọ̀ náà rán an létí ayé ilé iṣẹ́ ńlá, ó sì gún un lọ́kàn. Ó gbé fóònù.

"Mọ́mì, mo ti ba aṣọ méjì jẹ́. Èmi ni mo fún Alága ní ṣọ́ọ̀kì, èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń sọ̀rọ̀."

Ìyá rẹ̀ bi í pé, "Aago mélòó ló lù níbẹ̀?"

"Mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú."

"Aago mẹ́ta ni ẹni tó ta aṣọ yìí fún mi yóò ti ìsọ̀, kò sì ní ṣí mọ́ títí di ọ̀sán ọjọ́ Ajé. Má gé òmíràn. Mò ń sáré lọ."

Ó dé tòun ti èémí lókè lókè, aṣọ tuntun lábẹ́ apá. Ó bá Igbákejì wí dáadáa, kò fi ọ̀kan bọ̀kan nínú. Ní ọjọ́ Àìkú, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣàjọyọ̀ eré ìje wọn, Igbákejì jókòó ti abẹ́rẹ́, ó ń ṣẹ́ etí ogún aṣọ. Bàbá wọn ń lọ aṣọ, Jẹ́jẹ́ ń gun ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ní kí Alága máa ka bọ́tìnnì. "Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀sán," ló ń kà, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni tún un ṣe. Ẹ̀rín pa bàbá wọn títí ó fi gbé ayọ́ọ̀nù sílẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, obìnrin tó ni iléèwé yẹ aṣọ náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ní kí ìyá wọn wá gba ìwọ̀n gbogbo ọmọ tó kù. Ijó ni ìyá náà ń jó nígbà tí Igbákejì ti iléèwé dé. Ó di Igbákejì mú.

"Ìwọ lo jẹ́ ká rí iṣẹ́ yìí gbà."

"Èmi tí mo ba aṣọ jẹ́?"

"Ta ni kì í ṣàṣìṣe? Ká ní o dúró dè mí títí mo fi dé ni, ìsọ̀ á ti tì. O tètè sọ òótọ́, a sì ráyè tún un ṣe." Ó tẹ́ aṣọ tuntun sórí tábìlì. "Mo tún ń jáde lọ́sàn-án yìí. Ta ni yóò ṣọ́ wọn?"

"Èmi ni," ni Igbákejì wí, ó sì na fóònù sí ìyá rẹ̀. "Ẹ máa gbé èyí lọ."